Ẹmu Dídá: Láti Orí Ọ̀pẹ Títí dé Ìdí Oúnjẹ

Ohun tí a ní kí n là sílẹ̀ kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe ọtí ní ìwọ̀nba, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni kan tàbí ẹni méjì ni ohun gbogbo wà, láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà tí a bá gbé ọtí náà síwájú àlejò. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ Faransé ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú yín yóò kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń ká èso àjàrà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọtí rẹ̀ sínú àgbá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èmi kò ní rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Adẹ́mu ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ń kórè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí ọtí rẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo yàn án nítorí pé iṣẹ́ yìí ń bọ́ lọ́wọ́ wa, àwa tí a sì ń mu ẹmu kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń bá a lọ.

Ọ̀pẹ kan náà ni ó ń yọ òdòdó akọ, òun náà ni ó sì ń yọ òdòdó abo nígbà tí ó bá yá. Abo ni ó ń di ìdì ẹyin tí a fi ń ṣe epo. Akọ kì í so, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni ẹmu ti ń wá. Kí adẹ́mu tó gùn, yóò fi ọwọ́ tọ igbà rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé igbà tí ó ti gbó kì í kéde kí ó tó já. Yóò fi igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, yóò máa sún un sókè, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, títí yóò fi dé ibi tí imọ̀ ti pọ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti fi àdá gé èyí tí ó dí i lọ́nà, tí yóò ṣí èèpo tí ó bo òdòdó akọ náà, tí yóò sì dá a lójú. Oje yóò wá máa kán díẹ̀díẹ̀ gba inú ọ̀pá ọparun kékeré bọ́ sínú agbè tí ó so mọ́ ibẹ̀.

Ìyẹn kò tíì ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yóò tún gùn, yóò da ohun tí ó wà nínú agbè sínú èyí tí ó gbé kọ́ èjìká, yóò sì fi ọ̀bẹ mímú fá ojú ọgbẹ́ náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé ọgbẹ́ tí a kò bá fá yóò dí. Ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ó bá fá a jù, òdòdó náà yóò tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí kò bá sì fá a tó, agbè òfìfo ni yóò bá. Kò sí ìwé tí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ọwọ́ ni ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni ó sì ń fi kọ́ ọwọ́.

Àwa olùkọ́ èdè a máa fi igba, igbá, igbà àti ìgbà kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn, a ó sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí pé mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ mọ́ adẹ́mu. Igbà ni ó fi ń gùn, igbá ni a fi ń mu ohun tí ó gbé sọ̀kalẹ̀, ìgbà ni yóò sì sọ irú ẹmu tí ẹni kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ tún kíyè sí i pé a kì í pọn ẹmu. Ọtí ọkà ni a ń pọn. Ẹmu, dídá ni a ń dá a, láti inú èyí ni a ti rí orúkọ adẹ́mu. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́ pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gùn. Ní Gánà, wọ́n sábà máa ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹmu lára rẹ̀, èyí tí ó mú ewu ìṣubú kúrò ṣùgbọ́n tí ó ń pa igi. Ní ti ògùrọ̀, tí ó ń hù nínú irà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kú. Ìgbà tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ yìí gan-an ni adẹ́mu gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, igi ti ná gbogbo adùn tí ó ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́.

Nígbà tí oje yìí ń jáde lára igi, kì í ṣe ọtí rárá. Omi dídùn ni, tí ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń bá a pàdé nínú agbè, nítorí pé agbè tí a ti lò lánàá kì í ṣe òfìfo tòótọ́. Ìwúkàrà yóò máa jẹ ṣúgà, yóò sì máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú ẹmu hó. Òun náà ni ó fà á tí ike tí a bá dé pa fi ń wú, tí ìgò fi ń bẹ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín mìíràn ń mú un kan lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọjọ́ kan, ọtí inú ẹmu lè tó ti bíà. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, ohun tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pè ní ọtí kíkan ló kù nínú agbè. Ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870 ni Louis Pasteur ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún àwọn tí ń ṣe ọtí àjàrà nílẹ̀ Faransé. Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì nílẹ̀ wa, tí wọ́n ti ń fi ẹmu po ìyẹ̀fun kí ó lè wú, mọ̀ ọ́n ní tiwọn láìkà á nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bèèrè oúnjẹ tí ó bá ẹmu rìn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè aago. Ẹmu òwúrọ̀, tí adùn rẹ̀ ṣì pọ̀, àkàrà gbígbóná tàbí ẹja yíyan tí a fi ata pa lára ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé adùn yẹn ni yóò tu ẹnu lára. Ti ọ̀sán, tí ó ń hó, tí kíkan sì ti yọ lára rẹ̀, ẹran ọlọ́ràá ni kí a gbé sí i: ọ̀yà yíyan, tàbí àsun àwọn ará Oǹdó. Iṣu sísun àti epo pupa kò kọ èyíkéyìí nínú wọn. Igi kan náà sáà ni epo àti ẹmu ti wá. Ní tèmi, iyán kọ́ ni mo fi ń mu ún, nítorí pé méjèèjì ni wọ́n ń gba àyè nínú ikùn, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ará Èkìtì yóò bá mi jà. Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti dàgbà bá fẹ́ tọ́ ọ wò dáadáa, ẹ ra ẹmu igi kan ṣoṣo ní òwúrọ̀, kí ẹ sì máa bù ú mu díẹ̀díẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago márùn-ún. Ẹ ó rí i pé ẹmu mẹ́ta ni. Ẹni tí ó gbé e wá ni kí ó kọ́kọ́ mu, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn àgbà.

Ìdánwò yìí ni ó tú àṣírí ìlú ńlá. Ẹmu tí ó bá dùn ní alẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti dùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọwọ́ kan ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n ti bu omi là á, wọ́n sì ti fi ṣúgà tàbí sakarín dí adùn tí ó sọnù. N kò dá gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tí ń tà á lórí. Àwa tí a ń rà á ni a kò mọ̀ mọ́ pé ó yẹ kí ẹmu kan. Ohun tí ó léwu jùlọ wà lápá ọ̀dọ̀ ògógóró, tí a ń sè láti inú ẹmu: ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọtí tí methanol wà nínú rẹ̀ ni a sì rí pé ó pa wọ́n.

Ọ̀mùtí inú ìwé tí Amos Tutuola tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, èyí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1963, ní ọ̀kẹ́ àìmọye igi ọ̀pẹ. Adẹ́mu kan ṣoṣo ni ó ní. Ọjọ́ tí adẹ́mu náà já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, gbogbo igi wọ̀nyẹn kò jẹ́ nǹkan kan mọ́, nítorí pé kò rí ẹlòmíràn tí ó lè dá a bí tirẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa ka ìtàn náà fún ẹ̀rín àti fún iwin inú rẹ̀. Èmi rò pé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni ó sún mọ́ wa jùlọ. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, wọ́n ní orin, wọ́n ní oyè, wọ́n ní akèǹgbè. Ẹ bi wọ́n léèrè mélòó nínú wọn ni ó ti so igbà mọ́ ìdí rí.

Òótọ́ ni pé a ti rí ọ̀nà láti fi ẹmu sínú ìgò. Àwọn ará NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin ní ọdún 1939, wà lára àwọn tí ń ṣe é: a ó ki ìgò bọ omi gbígbóná tí kò tíì hó, ìwúkàrà yóò kú, ẹmu yóò sì dúró sí ibi tí ó dé. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń rí rà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti mu ún. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í hó mọ́. Ìgò náà kò sì lè gun ọ̀pẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ti gba ọ̀rọ̀ náà nìyí. Adẹ́mu ń gùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú òjò àti nínú ọyẹ́, kò sì sí owó ìtọ́jú kankan tí a yà sọ́tọ̀ dè é bí igbà bá já. Ó ń fi owó ẹmu rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa níléèwé, àwa a sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kàwé kí wọ́n má baà gun ọ̀pẹ bíi bàbá wọn. Èló ni a ṣe tán láti san fún agbè kan tí a kò bu omi là, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn tó lè rò ó pé òun yóò padà sílé lọ kọ́ ọ?