FÈRÈ, BÁÀSÌ ÀTI ÌLÙ: ÀWỌN ÀWO ORIN TÍ Ó YẸ KÍ ÀWA ARÁ ÌBÀRÀPÁ GBỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Igbó-Ọrà)



Nínú ẹgbẹ́ yìí, oríkì, aṣọ, oúnjẹ àti ìṣe àwọn baba wa ni a máa ń bá ara wa sọ. Kò ní ṣàì ya àwọn mìíràn lẹ́nu, nígbà náà, pé orin jáàsì, orin àwọn ará Amẹ́ríkà, ni a gbé ka iwájú yín lónìí. Kì í ṣe pé ilé ti sú wa ni a ṣe ń wo òde. Ọ̀rọ̀ kan ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin tí ń fọn fèrè saxophone ní àwọn ìlú wa, ní Èrúwà àti ní Igbó-Ọrà níhìn-ín pàápàá: wọ́n ní bí kò bá sí kíbọ́ọ̀dù, orin kò lè dúró. Ohun tí wọ́n sọ náà ni wọ́n sì ń ṣe. Bí iná mànàmáná bá lọ níbi ìnáwó, tí kíbọ́ọ̀dù sì dákẹ́, wọn a gbé fèrè lé itan, wọn a máa wo ojú ara wọn; onígángan nìkan ni yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Lójú wa, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí ó bá gbà pé orin kò lè dúró láìsí kíbọ́ọ̀dù ti gbà nínú ọkàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́, pé orin aláìpé ni bàbá bàbá rẹ̀ ń jó sí. Bí a bá sì fi ìyànjú lásán bá a wí, yóò ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Nítorí náà ni a ṣe lọ wá ẹ̀rí lọ́dọ̀ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ṣe àwòkọ́ṣe, àwọn ọ̀gá afọnfèrè òkè òkun.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ jáàsì, dùùrù píánò ni ó máa ń tẹ́ ẹní fún afọnfèrè. Bí fèrè ti ń sọ̀rọ̀, dùùrù a máa fi ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń dún pọ̀ tì í lẹ́yìn, a sì máa tọ́ka ọ̀nà fún un, pé ibi báyìí ni orin dé, ibi báyìí ni ó ń lọ. Kíbọ́ọ̀dù àwọn ọmọ wa, iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1957, Sonny Rollins, afọnfèrè tí a bí ní New York ní 1930, ṣe àwo méjì tí kò sí dùùrù nínú wọn rárá. Àwọn mẹ́ta péré ni ó kù: fèrè, báàsì, èyíinì ni gòjé ńlá olókùn mẹ́rin tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí a máa ń fi ìka ta, àti ọ̀wọ́ ìlù pẹ̀lú aro idẹ rẹ̀. Ní Igbó-Ọrà tí a ti mọ ìbejì yìí, a lè pè wọ́n ní Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú, kí oníkálukú sì sọ èyí tí ìlù jẹ́ nínú wọn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ àpàlà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá wa lóhùn. Nígbà tí Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó di olóògbé ní 1983, bá jókòó tí ó ń kọrin, kí ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ìlù ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, àti àgídìgbo, àpótí pákó tí ó ní ahọ́n irin, tí ń dún wúwo nísàlẹ̀. Kò sí dùùrù, kò sí gìtá. Ohùn ènìyàn kan wà lókè, ohùn àgídìgbo wà nísàlẹ̀, ìlù sì wà láàárín tí ń bá àwọn méjèèjì jà tí ó sì ń parí ìjà fún wọn. Àyè tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí ó kà á sí àbùkù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ráyè jáde. Bí ẹ bá fi fèrè rọ́pò ohùn Haruna, tí ẹ fi báàsì rọ́pò àgídìgbo, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Rollins. A kò wí pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ ọ. Ohun tí a ń wí ni pé etí tí àpàlà tọ́ kò ní í ṣe àlejò níbẹ̀.

Àwo kìíní tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni Way Out West. Ìlú Los Angeles ni wọ́n ti ṣe é, ní ọjọ́ keje oṣù kẹta 1957, ní agogo mẹ́ta òru, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dilẹ̀ ní wákàtí mìíràn. Ray Brown ni ó ta báàsì, Shelly Manne sì lu ìlù. Àwọn orin inú rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù ni àwọn orin àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, orin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ohun tí afọnfèrè àgbà lè fi ṣe nǹkan. Lára páálí àwo náà, Rollins dé fìlà ńlá àwọn darandaran, ó dúró ní aṣálẹ̀, ó sì gbé fèrè dání níbi tí ó yẹ kí ìbọn wà. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí ẹ bá fi í sórí ẹ̀rọ, ẹ ó gbọ́ tí Manne ń lu pákó kékeré bí pátákò ẹṣin. Lẹ́yìn náà ni fèrè yóò wọlé bí ẹni tí ń bọ̀ láti oko tí kò kánjú.

Ìmọ̀ràn tí a ní fún ẹni tí kò gbọ́ irú orin yìí rí nìyí: ẹ má ṣe tẹ̀ lé fèrè ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ lé báàsì. Ẹ jẹ́ kí etí yín máa bá Ray Brown rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó sì rí i pé òun nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé dùùrù nìkan ni ó lè ṣe. Òun ni ó ń sọ ibi tí orin dé. Ní ìgbà kejì, ẹ wá gbọ́ fèrè. Rollins kì í sáré kó ohùn jọ bí ẹni ń kó ẹ̀pà. A máa mú èékán kékeré nínú orin, a yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún, a fi í sílẹ̀, a tún padà wá gbé e, gẹ́gẹ́ bí olórin àpàlà ti ń mú orúkọ ènìyàn kan tí yóò máa pọ́n ọn lé títí tí olúwa rẹ̀ yóò fi dìde láti ná owó. Níbi tí ó bá sì ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà wà nínú orin.

Àwo kejì ni A Night at the Village Vanguard, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní ilé ìgbafẹ́ kan tí ó wà ní abẹ́ ilẹ̀ ní New York, níwájú àwọn èrò. Wilbur Ware ni onibáàsì lálẹ́ ọjọ́ náà, Elvin Jones sì ni onílù. Èyí kò tutù bí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn bàtá ni kí ó wá a rí, nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Elvin Jones ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń já a gbà lẹ́nu ara wọn bí ìyáàlù àti omele, síbẹ̀ ìjó kò dàrú.

Ẹ̀kẹta ni a fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ní 1958, Rollins, Oscar Pettiford lórí báàsì, àti Max Roach lórí ìlù ṣe Freedom Suite. Orin kan ṣoṣo ni ó gba odindi ojú kìíní àwo náà, ó lé ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, òmìnira sì ni orúkọ rẹ̀. Rollins kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí i lára pé inú àṣà àwọn ènìyàn dúdú ni gbòǹgbò Amẹ́ríkà wà, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, nínú ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ àti nínú orin rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú kan náà ni a ń ni lára níbẹ̀. Ní ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ tí ó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn ni. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n tún gbé àwo náà jáde, wọ́n yọ orúkọ Freedom Suite kúrò lójú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Shadow Waltz, orúkọ orin kékeré kan tí ó wà ní ojú kejì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí orúkọ jẹ́ fún Yorùbá, ẹ fúnra yín ni kí ẹ sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Max Roach yìí kan náà ni ó ṣe àwo We Insist! ní 1960. Kì í ṣe àwo ẹni mẹ́ta, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹni tí ó pè sí i: Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì. Nínú orin kan níbẹ̀, Abbey Lincoln ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, Olatunji sì ń fi èdè Yorùbá dá a lóhùn. Ẹ rò ó wò: èdè tí àwọn olùkọ́ kan ń na ọmọ fún ní ilé ìwé wa, òun ni wọ́n ń fi òmìnira ké ní New York. Rollins fúnra rẹ̀ ti kọ orin kan ṣáájú tí Miles Davis gbà sílẹ̀ sínú àwo ní 1954, Airegin ni ó pè é. Kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá, Nigeria ni ẹ ó rí. Ọdún mẹ́fà ni èyí fi ṣáájú òmìnira wa. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà fún àwọn tí ó ń wí pé ohun àjèjì pátápátá ni a gbé wá.

Àwọn tí ó kù, a ó yára. Lee Konitz, aláwọ̀ funfun tí ń fọn fèrè alto, èyí tí ó kéré ju ti Rollins lọ, ṣe Motion ní 1961 pẹ̀lú Sonny Dallas àti Elvin Jones. Ohùn rẹ̀ gbẹ, kò ní ọ̀ṣọ́, ó dára fún ẹni tí ó bá dá jókòó lóru. Spiritual Unity tí Albert Ayler ṣe ní 1964, pẹ̀lú Gary Peacock àti Sunny Murray, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Fèrè rẹ̀ ń ké, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún bí ẹni tí ẹ̀mí gbé ní ìjọ Aládúrà, orin rẹ̀ sì rọrùn nísàlẹ̀ igbe náà bí orin àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó bá ti bá wọn ṣe ìṣọ́ òru rí yóò yé e ju ọ̀mọ̀wé orin lọ.

Ti Ornette Coleman, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Golden Circle ní Stockholm ní oṣù Kejìlá 1965, a fẹ́ràn rẹ̀ nítorí onibáàsì rẹ̀, David Izenzon. Nígbà púpọ̀, kì í fi ìka ta okùn, ọrun ni ó fi ń fà á, gẹ́gẹ́ bí onígòjé. Ẹni tí ó mọ sákárà Yusuf Olatunji yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò sì wá fetí sílẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn ni The State of the Tenor, àpapọ̀ àwo méjì tí Joe Henderson ṣe ní 1985 ní Village Vanguard kan náà, pẹ̀lú Ron Carter àti Al Foster. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Fún afọnfèrè tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́, èyí ni a kà sí ilé ẹ̀kọ́ jù nínú gbogbo wọn, ju ti Rollins pàápàá, nítorí pé Rollins ṣòro láti farawé.

Ẹnìkan bi wá pé, bí ó bá jẹ́ pé àpàlà ni ó jọ, kí ni kò jẹ́ kí a gbọ́ àpàlà kí a sì fi ti òyìnbó sílẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ẹ gbọ́ méjèèjì, àpàlà ni kí ó sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n fèrè ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kò sì ní í padà sí ibi tí ó ti wá. Ohun tí ó kù ni kí ó rí ìlù àti àgídìgbo bá jókòó, dípò tí yóò máa sá tẹ̀ lé ẹ̀rọ tí iná lè pa lẹ́nu mọ́.

Nítorí èyí, ní ìpàdé tí ń bọ̀, a ó gbé Way Out West sórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó fi àwo Haruna Ishola kan sí i. A bẹ ẹnikẹ́ni tí ó ní àgídìgbo ní àjà ilé, bí eku bá tilẹ̀ ti jẹ ẹ́ létí, kí ó gbé e wá. Àwọn onígángan ti gbà láti wá. Ẹ̀yin ọmọ afọnfèrè, ẹ mú fèrè yín dání. Kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé.