Iṣẹ́ Keshi, Oúnjẹ Ẹlòmíràn

  Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Ìbíadé lónìí ni mo bá wá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo gbà gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ gbé iṣẹ́ dé ẹnu èrè, ìwà ìkà ni kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó gbà á kì í sì í jèrè rẹ̀.

Stephen Keshi ni balógun Super Eagles nígbà tí wọ́n gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, kò jókòó ti òkìkí. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Amẹ́ríkà. Òun ló mú Tógò, orílẹ̀-èdè kékeré, la Senegal kọjá dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006, èyí tí wọn kò dé rí. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé Otto Pfister ará Jámánì síbẹ̀. Wọn a máa ní ẹjọ́ Keshi ni, pé Tógò pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá níbi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì lóṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni Pfister pàdánù níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì. Kí wá ni èrè ìyípadà ọ̀hún? Ilé tiwa náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, Shaibu Amodu, mú wa yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002 àti 2010, ó gbé wa sípò kẹta nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì ní kó máa lọ ilé kí ọkọ̀ tó gbéra. Àmì kan ṣoṣo ni Nàìjíríà kó bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2014 tí wọ́n jẹ́ kí Keshi parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, a wọ ìpele kejì.

Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù á rán mi létí ọdún 1998: Bora Milutinović, akọ́nimọ̀ọ́gbá láti òkèèrè, dé nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọ ìpele kejì náà. N kò jiyàn. Àwọn ọmọ tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996 ló bá nílẹ̀, Denmark sì fi 4-1 lé wọn wálé. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni mo ń sọ. Clemens Westerhof, òyìnbó Netherlands, lo nǹkan bí ọdún márùn-ún pẹ̀lú wa, òun náà ló sì jẹ ife ọdún 1994. Àyè ni wọ́n fún un, èyí tí wọ́n fi du Amodu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí l'Ékòó, ẹ̀yin náà á di ọ̀gá. Lọ́jọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ yín kan á bá yín wá oníbàárà, á bá yín sùn síbi iṣẹ́, ìbátan yín kan á sì yọjú nígbà tí owó bá fẹ́ wọlé. Ìwọ tí mo ń wò lójú yìí, má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà fún ìbátan rẹ! Bí wọ́n bá sì ṣe é sí ọ, má torí rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ nù. Keshi gba iṣẹ́ ní Mali lẹ́yìn Tógò, ó padà wálé lọ́dún 2011, nígbà tó sì di ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013, ó gba ife Áfíríkà ní Johannesburg, ẹnì kejì nínú ìtàn tó gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Síbẹ̀, kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, gba àdéhùn rẹ ní kíkọ sílẹ̀.