Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Fẹ́ Dá Kọ́ńpìnnì Sílẹ̀, Ẹ Gbọ́ Tiwa

A ò ní pẹ́ jù, torí ẹja wà nílẹ̀ lọ́jà Olúwo tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ wa ò fẹ́ jókòó sídìí igbá mọ́, wọ́n fẹ́ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Èyí ń yan ẹja, ó ń dì í sínú ọ̀rá. Èyí ń di gaàrí. Ó dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá gba ọjà àwìn lọ́wọ́ wa pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ “Limited” sí lórí, a sì rí i pé àti ẹni tó ń gbà á àti ẹni tó ń gbé e fún un, púpọ̀ ni ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Bó bá jẹ́ orúkọ òwò nìkan lo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, ìwọ àti òwò náà, ọ̀kan náà ni yín. Gbèsè òwò, gbèsè rẹ ni. Bí ọjà bá kú, wọ́n lè bá ọ délé. Ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì tí “Limited” wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, lójú òfin, ẹni ọ̀tọ̀ ni. Ó lè ní ilẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́. Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán ẹni méjì ló ń dá a sílẹ̀, àmọ́ òfin CAMA ti ọdún 2020 ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Owó ìpín rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní ₦100,000.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Aron Salomon, bàtà ló ń ṣe tà. Ní 1892 ó sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Òfin ìgbà yẹn ń béèrè èèyàn méje, ló bá kó ìyàwó rẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó fún wọn ní ìpín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun nìkan di 20,001 mú. (Ẹ wo bàbá yìí!) Kò pẹ́, òwò dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ní kó wá fi owó ara rẹ̀ san gbèsè tí kọ́ńpìnnì jẹ. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní 1896, àwọn adájọ́ ní rárá o, Salomon lọ̀tọ̀, kọ́ńpìnnì lọ̀tọ̀. Ìdájọ́ yẹn làwọn lọ́yà Nàìjíríà ṣì ń tọ́ka sí títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná. Bí gbèsè kọ́ńpìnnì kì í bá ṣe tìrẹ, owó rẹ̀ náà kì í ṣe tìrẹ nìyẹn. O ò lè tọwọ́ bọ àpò rẹ̀ torí aṣọ ẹbí. Ṣí àkáǹtì rẹ̀ sọ́tọ̀, kọ owó oṣù tí ọjà lè gbé fún ara rẹ, kó o gba ìyẹn nìkan. Òfin CAMA kan náà sọ pé bí kọ́ńpìnnì bá yá owó fún iṣẹ́ kan pàtó, tàbí tó gba owó àsansílẹ̀ fún kọ́ńtírààtì, tí olùdarí fi ọkàn jìbìtì ná an síbòmíràn, ọrùn olùdarí ni gbèsè yẹn máa wà. Bí báńkì bá sì ní kó o fọwọ́ sí ìwé onídùúró, o ti fọwọ́ ara rẹ ṣí ilẹ̀kùn tí “Limited” tì nìyẹn. Ka ìwé náà dópin kó o tó fọwọ́ sí i.

Àwìn ló ń dùn wá jù. Ẹ bá wa ṣírò. Ká ní ọmọ kan ra ẹja ₦300,000 lọ́wọ́ wa, tí owó yíyan, ọ̀rá àti ọkọ̀ jẹ́ ₦80,000. Ó tà á fún ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ₦450,000. Èrè ₦70,000, inú rẹ̀ ń dùn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ní lẹ́yìn oṣù méjì làwọn ń sanwó. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún ní kó gbé òmíràn wá, ọ̀sẹ̀ kẹta bákan náà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, ọjà ₦3,040,000 ti jáde, kò tíì rí kọ́bọ̀ gbà. Owó ta ni? Owó àwa tá a gbé ẹja fún un láwìn ni, àwọn apẹja sì ń dúró de àwa náà létí omi. Nínú ìwé, òwò yẹn ń jèrè, síbẹ̀ ó lè kú kí ṣọ́ọ̀bù tó sanwó àkọ́kọ́. Bó bá kú, tó sì jẹ́ kọ́ńpìnnì ló gba àwìn, ẹ rántí Salomon. Ìyá ẹlẹ́ja ló máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù gba ọjà yín, ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n máa sanwó. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, ìwọ̀nba tí owó yín lè gbé ni kẹ́ ẹ kó fún wọn, kẹ́ ẹ ta ìyókù lówó lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bóyá kọ́ńpìnnì ló gbàwìn tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ ní kí ẹnì kan dúró fún un. A mọ̀ pé àwọn kan máa ní ojú ń ti àwọn, torí ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn ni. Kí ojú má tì yín o.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ méjì tẹ́ ẹ fẹ́ jọ ṣe é, ẹ kọ ìwé àdéhùn nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń jẹun pọ̀. Ẹni tó mú owó wá àti ẹni tó ń fi ara ṣiṣẹ́, èló ni ìpín oníkálukú? Bí ọ̀kan bá rí físà ńkọ́? Bí ọ̀kan bá kú, ogún ni ìpín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò mọ̀ nípa gaàrí ju kó tẹ ẹ̀bà lọ lè wá jókòó tì ọ́.

Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà NAFDAC lára oúnjẹ inú ọ̀rá, àti ìròyìn ọdọọdún tí CAC ń béèrè, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Owó orí tún wà lọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá sì gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín forúkọ sílẹ̀, ẹ lè fúnra yín wo orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC bóyá ó wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun wo ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i, kó mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, òun àti ẹnìkejì rẹ̀. Kí wọ́n mú ìwé ìṣirò owó wọn dání.