Ọdún tí a kò fi èdè ilé ṣe

Ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ilé. Òkè-òkun ni n ó ti mú un bọ̀ wá sí Èpìnmì, ní ilẹ̀ Àkókó.

Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Lafayette, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀, wọn a pàdé ní ọgbà ìgbafẹ́ kan, wọn a máa ṣe ọdún orin, oúnjẹ àti iṣẹ́-ọnà. Ẹ̀yà méjì ni ó ni ọdún náà. Àwọn Cajun ni ọmọ àwọn Faransé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Acadia, ní ilẹ̀ Kánádà, láti ọdún 1755. Àwọn Creole tí mo ń sọ yìí, aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ nínú wọn. Etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni a sì ti kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú. Èdè Faransé ni ẹ̀yà méjèèjì ń sọ nílé tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àrà tirẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ojú yín kò ní ṣe àjòjì. Àkọ́díọ̀nù tí I. K. Dáíró fi dá jùjú lárà ni wọ́n ń fọwọ́ fà. Àwọn Creole a so páànù oníwàásì mọ́ àyà, wọn a máa họ ọ́ kí ó lè máa dún sí ìlù. Zydeco ni orúkọ orin wọn. Ọbẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ láàárín wọn, gumbo, láti inú orúkọ tí àwọn ará Àǹgólà ń pe ilá ni ó ti gba orúkọ. Ilá ni o, ilá tí ìyá yín rẹ́ lánàá! Wọn a tún pàtẹ aṣọ òwú tí a fọwọ́ hun àti àga tí a fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n ọdún náà kò ṣẹ̀dédé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1921, òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa fi kọ́ni ní ilé-ìwé. Wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ Faransé. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n di òbí, wọn kò sì jẹ́ sọ èdè náà sí ọmọ tiwọn létí, kí wọn má bàa jẹ irú ìyà tí àwọn jẹ. Ní ọdún 1968, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti jí èdè náà dìde. Ìgbìmọ̀ yìí lọ́wọ́ nínú eré ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Lafayette ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1974; inú rẹ̀ ni ọdún òde òní ti yọ. Dewey Balfa, ọ̀kan nínú àwọn olórin ibẹ̀, kò dúró lórí ìtàgé nìkan. Ó ń gbé gòjé òyìnbó rẹ̀ wọ ilé-ìwé láti fi han àwọn ọmọdé.

Orin jí. Oúnjẹ jí pẹ̀lú. Èdè ńkọ́? Ilé-ìwé tí a ti ń fi Faransé kọ́ni ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, síbẹ̀ iye àwọn tí ó gbọ́ ọ láti ilé ń dín kù bí àwọn àgbà ti ń kú. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọrin náà ni ó há a sórí láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. A lè ta ọbẹ̀ ní ìṣọ̀, a lè so aṣọ kọ́, ṣùgbọ́n èdè kò ní àtẹ tirẹ̀. Àfi bí òun gan-an bá jẹ́ ohun tí a fi ń nájà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: ọdún 2008 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ àwọn Creole kún orúkọ ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń lu ìlù níbẹ̀ tipẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wá sílé.

Ẹni tí ó bá gba Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kọjá, ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni yóò máa gbọ́. Bí ó bá yà sí Arigidi tàbí Erúṣú, yóò gbọ́ ohun mìíràn. Bí ó bá dé Èpìnmì, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Àkókó, èdè tí yóò bá níbẹ̀, ẹbí èdè Ẹdo ti Benin ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kà á mọ́. Ìlú kan kò jìnnà sí èkejì, síbẹ̀ ọmọ ìlú kan lè má gbọ́ ti ìkejì rárá, àfi bí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe agbedeméjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ Yorùbá nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ẹlòmíràn. Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní kékeré, owó ìtanràn ni à ń san bí a bá sọ Yorùbá. Nítorí náà, ara mi máa ń yá bí mo bá ń gbèjà rẹ̀. Mo máa ń tọ́ka sí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí ó fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kíkọ́ ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mo yọ̀. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní ọdún 2025, inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Nínú ìlànà yẹn, èdè ìyá wo ni à bá fi kọ́ ọmọ Èpìnmì? Yorùbá ni ìwé wà fún, Yorùbá ni olùkọ́ wà fún. À bá kọ́ ọ ní èdè wa, kí a sì pè é ní èdè ìyá rẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wa, àwa náà lè ṣe é fún ẹlòmíràn láìgbé ẹgba lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí ọmọ Èpìnmì má kọ́ Yorùbá. Èdè ọjà ni, èdè ọ̀rẹ́ ni. Ohun tí mo ń wí ni ti ọjọ́ ọdún. Ní ilẹ̀ Àkókó, iṣu ni ọba oko. Ọdún iṣu tuntun sì ni ọjọ́ tí ọmọ Èkó àti ọmọ Abùjá máa ń wálé. Bí atọ́kùn ètò bá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ àti Yorùbá púpọ̀, tí a kò sì gbọ́ èdè ìlú àfi nínú àdúrà àwọn àgbà, kí ni ọmọ tí ó ti Èkó wá yóò mú padà lọ? Yóò jẹ iyán, yóò ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ òfì, ó parí.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin olùkọ́ agbègbè náà sí, kí ọdún iṣu tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ rán àwọn ọmọ kíláàsì yín sí ìyá wọn àgbà. Kí wọ́n béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe èwùrà, èsúrú, ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu, àti apásà tí obìnrin fi ń hunṣọ, ní èdè Èpìnmì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí etí wọn bá ti gbọ́ ọ. Àṣìṣe ìkọsílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ ọdún, kí ọmọ kan dìde níwájú gbogbo ìlú, kí ó gbé iṣu sókè, kí ó sì pè é lórúkọ.