ABOYÚN ÀTI ỌTÍ: Ọ̀RỌ̀ ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

 

Láti Maryland dé Ọgbà títí dé Agége, ọtí kò jìnnà sí wa. Láti 1962 ni Guinness ti kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà. Paraga ń bẹ ní ibùdókọ̀, àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ń bẹ. Àwọn kan tún ń sọ fún aboyún pé sìtáòtù ń fúnni lẹ́jẹ̀, pé ẹmu ń fọ ojú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọtí tí ìyá bá mu, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ó ń gba ibi ọmọ àti ìwọ́ kọjá sára ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó débi tí yóò fi lè lọ̀ ọ́ bí ti àgbà. Oyún lè bàjẹ́, oṣù ọmọ lè má pé, ọpọlọ rẹ̀ sì lè fara gbá a, tí ìwé kò fi ní tètè wọ̀ ọ́ lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Bíà, wáìnì, ẹmu, ọ̀kan náà ni.

Ní 2014, àjọ náà ní kí wọ́n máa bi gbogbo aboyún léèrè nípa ọtí nígbàkígbà tí wọ́n bá wá ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì bá ẹni tó ń mu sọ̀rọ̀ ráńpẹ́. Àwa náà lè ṣe é nídìí ìsọ̀:

1. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ má bú u. Ẹni tí a bá dójú tì, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti máa mu ún.
2. Ẹ béèrè ohun tó ń mu, àti ohun tó ń sún un sí i. Ti ẹlòmíì, ẹ̀yìn dídùn ni. Ti ẹlòmíì, wàhálà ilé.
3. Ẹ sọ ohun tí ọtí ń ṣe fún ọmọ, ní gbólóhùn kan tàbí méjì.
4. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mú ohun tí yóò ṣe: omi tàbí malt dípò bíà, tàbí kó má gba iwájú ìsọ̀ ọlọ́tí kọjá mọ́.
5. Ẹ tún béèrè lọ́jọ́ míì. Bó bá ti dín in kù, ẹ yìn ín.

Ẹ fetí sí èyí o: ẹni tó ń mu lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá rí i, ẹ má ní kó dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e. Ẹ sìn ín lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí ọsibítù ìjọba ní Orílé-Agége.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọtí, a mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti ń jẹun. A ò ní kí ẹ palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má tà á fún ẹni tí oyún rẹ̀ hàn, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà bí ọtí bá wà nínú àgbo. Èrè orí paraga kan kò tó ìyà ọmọ kan.

Ẹni tó ti mu kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kó má bọ́hùn. Oṣù yòówù tó bá ti dá a dúró, ó ṣe ọmọ lóore.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Àṣẹ.