Òòfà Kékeré Lára Ike Tó Ń Gbé Iná

ATỌ́KÙN: Bí òòfà kékeré bá sún mọ́ wáyà bàbà tí iná ń gbà kọjá, agbára káká ni ìyàtọ̀ kankan fi máa hàn. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ike tó ń gbé iná. Alan Heeger, Alan MacDiarmid àti Hideki Shirakawa ló fi hàn ní 1977 pé irú ike bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2000. Èròjà kábọ̀nù tó bá a tan ló ń tànmọ́lẹ̀ lójú fóònù OLED.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Iowa, Amẹ́ríkà, tẹ́ ike polyfluorene tín-ín-rín sáàárín ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Òòfà mílítẹ́slà 10 péré, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ara fíríìjì lọ, yí ìdènà tí iná ń bá pàdé padà dé nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn ò sì sọ ike náà di yìnyín kó tó rí bẹ́ẹ̀. Inú ooru yàrá lásán ni.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti ta kókó. Agbára tí ooru yàrá ń fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ìlọ́po tó lé ní 20,000 ju èyí tí òòfà yẹn lè fún un lọ. Ó yẹ kí ooru bò ó mọ́lẹ̀, bí ariwo ọjà ṣe ń bo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àmọ́ òòfà kò fi agbára bá ooru jà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà kíntínní nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní spin. Nínú ike, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fò láti mólékù kan sí òmíràn, ó ń pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí spin méjì tó pàdé ṣe kọjú síra ló ń sọ bóyá wọ́n á para pọ̀ tàbí wọ́n á pínyà. Átọ́ọ̀mù háídírójìn inú ike náà ní òòfà tiwọn ní ààrin gbùngbùn, tó tó mílítẹ́slà mélòó kan; òun ló ń da spin wọ̀nyí rú kí wọ́n tó pinnu. Bí òòfà òde bá ti borí ti háídírójìn, ìdàrúdàpọ̀ yẹn á dín kù, iye iná tó ń kọjá á sì yí padà. Ooru kò tètè rí spin mú nínú kábọ̀nù, nítorí átọ́ọ̀mù rẹ̀ fúyẹ́.

Ẹ̀rí wá ní 2010. Ní Yunifásítì Utah, wọ́n fi deuterium, ìyẹn háídírójìn tó wúwo, tí òòfà rẹ̀ kò lágbára tó ti háídírójìn lásán, rọ́pò háídírójìn nínú ike. Òòfà òde tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ sì ti tó láti yí iná padà. Àríyànjiyàn tó kù dá lórí ẹni tó ń pàdé ẹni. Àwọn kan gbà pé iná òdì (negative) àti iná dáadáa (positive) ni. Peter Bobbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Eindhoven, Netherlands, sọ ní 2007 pé iná irú kan náà méjì ló ń dí ara wọn lọ́nà, torí pé wọn ò lè gbé ojú kan àyàfi tí spin wọn bá dojú kọ ara wọn. Ó jọ pé irú ike àti bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà ló ń pinnu èyí tó borí.

Ní 2012, Utah kan náà fi ike ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà. Ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń yí spin padà, iye ìgbà tí ìgbì náà ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá sì ni wọ́n ń kà. Agbára òòfà ló ń pinnu iye yẹn, kì í ṣe ipò tí ike wà; nítorí náà, bí ike náà tilẹ̀ gbó, òǹkà rẹ̀ kò ní yẹ̀.