Ènìyàn Ni Aṣọ Ẹni Tí Adájọ́ Dá Padà Sílé



Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1841, a mú ọkùnrin kan wá síwájú adájọ́ ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn ọ̀mùtí ni a fi kàn án. Ẹ̀wọ̀n ni ì bá lọ, bí kì í bá ṣe ti aṣebàtà kan, John Augustus, tí ó dìde tí ó sì ṣe onídùúró fún un. Adájọ́ ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ó dé, ó ti di ènìyàn mìíràn. Sẹ́ńtì kan péré ni ìtanràn rẹ̀, pẹ̀lú owó kóòtù.

Kí ni ó yí i padà? Ìbẹ̀rù adájọ́ nìkan kọ́: ó rí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Kí Augustus tó kú ní 1859, ó ti dúró fún ènìyàn bí 2,000. Ó ń wá ilé fún aláìnílé, ó sì ń wá iṣẹ́ fún aláìníṣẹ́. Ní 1878, ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ irú iṣẹ́ yìí di òfin. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1907, ó pàṣẹ kí alámòójútó máa gba arúfin nímọ̀ràn, kí ó ràn án lọ́wọ́, kí ó sì bá a ṣọ̀rẹ́.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin ti 2015 àti ti 2019 fi àyè sílẹ̀ fún irú ìdásílẹ̀ lábẹ́ àbójútó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Kò lè ṣílẹ̀kùn ilé ẹbí. Alámòójútó a máa rí ẹni náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ará ilé ni ó ń rí i láràárọ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀ ọ́, tí onílé lé e, tí ìbátan sì ń pè é ní olè, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Àwọn tí wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀ kì í tì í sóde.

Èyí kì í ṣe pé kí ẹ bo ìwà ibi mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́ ni yóò rán an létí ọjọ́ tí yóò lọ fara han alámòójútó, tí yóò sì bá a wí bí ó bá fẹ́ ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gba ọ̀kan ṣoṣo síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi àyè ọmọ yín sílẹ̀ nídìí àwo oúnjẹ. Ènìyàn laṣọ; ẹ má jẹ́ kí ẹni tí adájọ́ dá padà wọlé ní ìhòòhò.